Ìrìn Òpin Ọ̀sẹ̀: Ọkọ̀ Pákó Tó Gbé Ẹ́ńjìnnì Bàálù

Lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ ọjà Rye Lane nínú ìwé ìròyìn tó kọjá, ìyá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ó ní: “Ẹ ṣeun o, Olùkọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ò bìkítà fún iye tí wọ́n ń ta iṣu. Ẹ́ńjìnnì ni tirẹ̀. Bí a bá sì ti dé orí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, Gẹ̀ẹ́sì ló kù tí a ó máa sọ.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni. Ohun tí àwa olùkọ́ ń rí ni pé ọmọ tó ń fi Yorùbá béèrè omi nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tó bá fi máa tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ohun tó fẹ́ràn ti ju oúnjẹ àti ìkíni lọ, Yorùbá tí a kọ́ ọ kì í bá a débẹ̀. A ti há èdè náà mọ́ ilé ìdáná. Nítorí náà, ní oṣù yìí, ibi tí ẹ́ńjìnnì wà là ń lọ.

Ẹ wọ bọ́ọ̀sì 177 ní ibùdókọ̀ Peckham. Yóò gba Queens Road kọjá sí New Cross, yóò gba Deptford, yóò sì já yín sílẹ̀ ní Romney Road ní Greenwich, níwájú National Maritime Museum, ilé tí wọ́n ń tọ́jú ohun ìrántí òkun àti ọkọ̀ ojú omi sí. Wọn kì í gba owó ìwọlé. (Ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú òpó wọn wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra, torí irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń ṣí nǹkan nípò.) Ohun tí a torí rẹ̀ lọ ni ọkọ̀ kan tó jẹ́ tiwọn, Miss Britain III lorúkọ rẹ̀. Ní 1933 ni wọ́n kàn án. Ọkọ̀ kékeré ni: gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 24, ó kúrú ju bọ́ọ̀sì tó gbé yín débẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó wà níkùn rẹ̀, bàálù ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni yóò fi gbé ẹ́ńjìnnì bàálù sínú ọkọ̀ ojú omi? Ẹni tó bá fẹ́ fò lókè ń wá ẹ́ńjìnnì tó lágbára púpọ̀ tí kò sì wúwo. Ẹni tó bá fẹ́ sáré lórí omi, ohun kan náà ló ń wá. Ogun Àgbáyé Kìíní, láti 1914 sí 1918, sọ ẹ́ńjìnnì bàálù di alágbára láàárín ọdún díẹ̀, nígbà tí ogun sì parí, àwọn tó fẹ́ràn eré ìje bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sínú mọ́tò, wọ́n sì ń kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi.

Napier Lion lorúkọ ẹ́ńjìnnì Miss Britain III. Sìlíńdà méjìlá ló ní, wọ́n sì tò wọ́n ní ọ̀wọ́ mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ ní kí ọmọ na ìka mẹ́ta bí ẹsẹ̀ adìẹ, kí ti àárín dúró ṣánṣán, kí ti ọ̀tún àti ti òsì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí àwọn ọ̀wọ́ náà ṣe rí nìyẹn béèyàn bá dúró níwájú rẹ̀. Agbára ẹṣin 1,375 ló ní. Ọ̀pọ̀ nínú mọ́tò tí ẹ fi ń gbé ọmọ wá sí kíláàsì kò ní ju 150 lọ. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é, D. Napier & Son, Lambeth níbí ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kó lọ sí Acton ní 1903, nítorí náà kò burú bí a bá ní ará South London ni ìdílé ẹ́ńjìnnì náà.

Hubert Scott-Paine ló ni ọkọ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wà á. Ó ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ní Hythe, lódì kejì omi sí Southampton, British Power Boat Company. Ṣáájú ìgbà náà, òun ló ni Supermarine, tó ń ṣe bàálù tó ń balẹ̀ sórí omi. Ó tà á ní 1923, ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ló sì padà ṣe Spitfire. Nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní 1922, bàálù wọn kan tó gbé ẹ́ńjìnnì Napier Lion gba ife ẹ̀yẹ Schneider ní Naples. Ẹ rí i pé ó ti mọ ẹ́ńjìnnì náà dáadáa lójú òfurufú kó tó gbé e wá sójú omi.

Ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí pẹ́ ni ìdí ọkọ̀. Omi wúwo. Ọkọ̀ tó bá ń la omi kọjá, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń tì í síwájú ni omi ń dì í mú. Àwọn ọkọ̀ eléré ìje yìí kì í la omi rárá, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá. Ẹ rántí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé ń fi ẹ̀gbẹ́ jù sójú odò, tó máa ń ta, táá tún ta, táá tún ta kó tó rì. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ dán an wò nínú adágún Burgess Park o. Àwọn apẹja jókòó síbẹ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà ò sì ṣẹ̀ yín.) Kí ọkọ̀ lè ta bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń gé ìdí rẹ̀ bí àtẹ̀gùn, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, kí omi sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí eré bá ti le, ìwọ̀nba ibi kékeré ló kù tó ń kan omi, pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lẹ́yìn.

Igi ni wọ́n fi ń kan ọ̀pọ̀ nínú wọn, torí pé igi fúyẹ́, ó ń tẹ̀ láì ṣẹ́, gbẹ́nàgbẹ́nà sì lè tún un ṣe lóru ọjọ́ tí ìje kù ọ̀la. Kí n tètè sọ òótọ́, kí ọmọ má bàa pè mí ní onírọ́: bí ẹ bá dé iwájú Miss Britain III, awọ alumíníọ̀mù tó ń dán gbinrin ni ẹ ó rí. Egungun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni igi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ọkọ̀ tí pákó rẹ̀ hàn síta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n kàn ní Hythe kan náà, Miss England, wà lára ohun ìní Science Museum. Òun náà, Napier Lion ló gbé.

Ẹ wá gbọ́ ìtàn ìje. Ife ẹ̀yẹ kan wà tó ń jẹ́ Harmsworth, tí wọ́n kọ́kọ́ du ní 1903. Ní 1920, ará Amẹ́ríkà kan, Gar Wood, wá sí Isle of Wight, ó gbà á lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé e lọ sílé. Ẹ mọ típà tó ń da yẹ̀pẹ̀ nílé, tó máa ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀? Irú ẹ̀rọ tó ń gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí fi lówó. Lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí ẹni tó rí ife náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1933, Scott-Paine gbé Miss Britain III sọdá òkun lọ bá a ní Algonac, lórí odò St. Clair ní Michigan. Ọkọ̀ Gar Wood, Miss America X, gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 38, màhógánì ni, ẹ́ńjìnnì Packard mẹ́rin ló sì wà nínú rẹ̀. Àpapọ̀ agbára wọn tó ẹṣin 6,400.

Ẹ ní kí ọmọ ṣírò rẹ̀: 1,375 sí 6,400.

Miss Britain III pàdánù. Ṣùgbọ́n ó sá tẹ̀lé òmìrán yẹn dé ìparí ìje, òun ló sì di ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó fi ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo sá ju máìlì 100 lọ ní wákàtí kan. Lójú tèmi, kò sí ohun ìyanu kan nínú pé olówó to ẹ́ńjìnnì mẹ́rin sínú ọkọ̀ kan. Èyí tó pàdánù yìí ni èmi ì bá wà.

Apá kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn òbí kan lè fẹ́ fò. Ní ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹfà 1930, Sir Henry Segrave, ẹni tó fi Miss England borí Gar Wood ní Miami lọ́dún tó ṣáájú, gbé ọkọ̀ tuntun sórí adágún Windermere. Miss England II ni, ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce méjì ló gbé, irú èyí tó wà nínú bàálù tó gba ife Schneider ní 1929. Ó sá lọ, ó sá bọ̀. Wọ́n ṣírò eré rẹ̀, ó jẹ́ máìlì 98.76 ní wákàtí kan. Kò tíì sí ẹni tó sá tó bẹ́ẹ̀ lórí omi rí. Ó tún yí padà ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkọ̀ dojú dé. Ẹ̀ka igi kan tó léfòó ni ọ̀pọ̀ èèyàn dá lẹ́bi. Victor Halliwell, òṣìṣẹ́ Rolls-Royce tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì, kú sínú omi. Ọkùnrin kẹta inú ọkọ̀, Michael Willcocks, yè é. Wọ́n gbé Segrave jáde láàyè, wọ́n sọ fún un pé ó ti borí, ó sì kú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹ má fò ó. Àwọn kan nínú ọmọ wa ti ń gun kẹ̀kẹ́ oníná lójú Old Kent Road lálẹ́ láì dé akoto, eré tí wọ́n sì ń sá kò yé àwa òbí wọn. Ẹ pe orúkọ Halliwell náà fún wọn pẹ̀lú, torí orúkọ ẹni tó wa ọkọ̀ ló máa ń wà níbi gbogbo.

Ọ̀rọ̀ igi tún kù. Ẹ wọ ilé tí wọ́n ti ń ta pákó líle ní London, ẹ béèrè ìrókò, wọn ò ní bi yín pé kí nìyẹn. “Iroko” ni òyìnbó oníṣòwò pákó ń pè é, ọ̀rọ̀ wa ni. Opepe náà, ọ̀pẹpẹ wa ni. Afara, afárá. Idigbo, ìdígbó. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi fẹ́ràn ìrókò torí pé omi kì í tètè jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní sapele kì í ṣe Yorùbá, orúkọ ìlú Sapele ní Ìpínlẹ̀ Delta ni. Màhógánì ilẹ̀ wa, ọ̀gànwó là ń pè é, wọ́n sì kó gẹdú rẹ̀ láti Èkó wọkọ̀ lọ sí Liverpool fún ìgbà pípẹ́. N ò sọ pé ọ̀gànwó wà lára Miss England o! Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ tó bá ní Yorùbá ò lórúkọ fún nǹkan iṣẹ́ ọwọ́, kí ẹ ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ káfíńtà Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ẹ bá ń ti Burgess Park rìn bọ̀ ní Surrey Canal Walk, omi ló wà lójú ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀. Odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ni. Ní 1826 ni ẹ̀ka rẹ̀ dé Peckham, ibi tí Peckham Library wà lónìí ló sì parí sí. Ọkọ̀ ìkẹ́rù ń gba orí rẹ̀ kó pákó wá láti èbúté Rotherhithe, púpọ̀ rẹ̀ láti Scandinavia àti Canada, kí wọ́n tó dí i ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Scott-Paine kò fi ọgbọ́n rẹ̀ mọ sídìí ìje. Láti 1936, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń kan ọkọ̀ ayára fún RAF, ẹ́ńjìnnì Napier mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń sáré lọ fa àwọn awakọ̀ òfurufú tó já sínú òkun yọ.

Iṣẹ́ àmúrelé rèé. Ẹ̀yin ọmọ kékeré, ẹ ya ọkọ̀ náà, kí ẹ kọ iwájú ọkọ̀, ìdí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ sí ara rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà kíláàsì, ẹ ki ọkọ̀ náà ní ìlà mẹ́rin. Mo bá yín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀:

Ọkọ̀ kékeré tí ń bú bíi kìnnìún,
A-sá-lórí-omi-bí-ẹni-sá-lórí-ẹní,
Ó fi ẹ́ńjìnnì kan lé ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin…

Ìlà kẹrin di ọwọ́ yín. Ẹ mú un wá ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn òbí yín gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì kí ẹ tó dé.