Tórà àti Sáyẹ́ǹsì Nínú Kíláàsì Kan Ṣoṣo

Fàá-ká-já-a tó wà láàárín ìjọba ìpínlẹ̀ New York àti àwọn kan lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Júù kò tíì tán nílẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ náà ti sọ láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé ẹ̀kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ń kọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí ti ìjọba. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìgbìmọ̀ tó ń darí ètò ẹ̀kọ́ níbẹ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí wọn yóò máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún 2023, ìjọba ìlú New York kéde pé ilé-ẹ̀kọ́ Júù 18 ni kò kúnjú òṣùwọ̀n. Nígbà tó di 2025, àwọn aṣòfin tún dẹ okùn náà. Láwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọmọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ, Tálímọ́dù ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́. Ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ ló ń kù fún èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, sáyẹ́ǹsì sì lè má rí àyè rárá.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ẹ̀sìn Júù àti sáyẹ́ǹsì kì í ṣọ̀rẹ́. Irọ́ ni. Oníṣègùn ni Rábì Moses Maimonides, tó kú lọ́dún 1204, ìṣirò àwọn onímọ̀ Gíríìkì ló sì lò nígbà tó ń kọ òfin oṣù tuntun. Lójú tirẹ̀, ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ bá ti dájú, kò ṣe nǹkan kan ẹni tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ní Frankfurt, lórílẹ̀-èdè Jámánì, Rábì Samson Raphael Hirsch dá ilé-ẹ̀kọ́ tó da méjèèjì pọ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1853.

Ibi tí ìdàpọ̀ yìí ti dùn jù lọ ni ọ̀rọ̀ oṣù. Òṣùpá ló ń darí oṣù àwọn Júù. Oṣù méjìlá bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 354, ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún oòrùn. Àwọn Mùsùlùmí náà ń tẹ̀lé òṣùpá, ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ Ramadan fi máa ń bọ́ sí ìgbà òjò nígbà mìíràn, tó tún ń bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n Diutarónómì orí 16 pàṣẹ pé oṣù Ábíbù, ìgbà tí ọkà báálì ń yọ ọmọ, ni kí wọ́n máa ṣe Àjọ Ìrékọjá. Báwo ni òṣùpá àti oòrùn yóò ṣe máa rìn pọ̀? Láàárín ọdún 19, ọdún 7 ni wọ́n máa ń fi oṣù kẹtàlá kún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ oṣù 235. Bí ọmọ ọdún méjìlá bá ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò rí i pé nǹkan bí wákàtí méjì péré ni ìyàtọ̀ tó kù láàárín méjèèjì. Láìsí sáyẹ́ǹsì, àṣẹ Tórà náà gan-an kò ṣe é pa mọ́.

Ìyẹn rọrùn. Ehoro ló le. Léfítíkù orí 11 sọ pé ehoro máa ń jẹ àpọ̀jẹ, àmọ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ní kò ní irú ikùn tí màlúù àti ewúrẹ́ fi ń jẹ ẹ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ tó rọ̀ ló máa ń tún jẹ. Olùkọ́ lè fo ẹsẹ náà, ó lè ní àwọn onímọ̀ ló ṣìnà, ó sì lè sọ méjèèjì bí wọ́n ṣe rí, kí ó wá sọ àlàyé tí àwọn rábì ṣe. Ọ̀nà kẹta yìí nìkan ló yẹ kí á pè ní ìdàpọ̀, kò sì wà láìléwu: láàárín 2004 sí 2005, àwọn àgbà rábì kan ní Ísírẹ́lì àti Amẹ́ríkà fòfin de ìwé mẹ́ta tí Rábì Natan Slifkin kọ. Ọ̀kan nínú wọn dá lé ọ̀rọ̀ ehoro yìí gan-an. Ká má tíì wá sọ ti Darwin àti ọjọ́ orí ayé.

Owó tún ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó mọ Tórà dénú, tó sì mọ sáyẹ́ǹsì dénú, kò pọ̀. Olùkọ́ méjì nínú kíláàsì kan, owó oṣù méjì ni. Ilé-ẹ̀kọ́ olówó lè ṣe é. Ní ti àwọn tí ọ̀rọ̀ òfin New York kàn, ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí ìlànà 2022 jáde ti dàgbà kọjá kíláàsì tí wọ́n ń jà lé lórí.