Ariwo tí pápá eré ìje ò gbà, àdúgbò wa ló ti ń dún

Tí ẹ bá sùn sí Ìlasà-Èkìtì lásìkò Kérésì, ẹ ò ní pẹ́ mọ̀ pé àwọn ọmọ Èkó ti wọ̀lú. Etí lẹ ó fi mọ̀ ọ́n kójú tó rí wọn. Mọ́tò kan á kọjá láago méjì òru, á bú ramúramù, á tún máa ta pàù-pàù bí ìbọn nígbà tí ẹni tó ń wà á bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, ọmọ ọwọ́ á ta jí, màmá àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ohun kan náà là ń gbọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Adó, ní Bódìjà àti ní Lẹ́kí.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu. Ibi tí wọ́n dìídì kọ́ fún eré mọ́tò gan-an, wọn kì í gba irú ariwo yẹn láyè.

Ní Laguna Seca, pápá eré ìje kan ní California, ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí pápá fún àwọn tó fẹ́ wa mọ́tò tara wọn, ariwo kò gbọdọ̀ ju 90 tàbí 92 dẹ́síbẹ́lì lọ. Ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ń wọ̀n ọ́n bí mọ́tò ṣe ń kọjá. Ní Goodwood ní England, wọ́n ti pápá náà pa fún ìdíje ní 1966, wọn ò sì tún un ṣí títí di 1998. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i, adéhùn lórí ariwo wà nínú ẹ̀, torí pé àwọn èèyàn ń gbé nítòsí. Títí di òní, ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún ni mọ́tò lè pariwo bó ṣe wù ú níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ pápá tó kù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí mọ́tò tó wọlé, wọ́n á gbé ẹ̀rọ síwájú ẹnu páìpù èéfín, ààbọ̀ mítà sí i, ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná má baà fẹ́ lù ú. Ẹ tẹná títí ẹ́ńjìnnì á fi dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin eré tó lè sá. Tó bá ju 105 lọ, ẹ máa lọ sílé.

105 yẹn kì í ṣe ariwo kékeré o. Ariwo máa ń fi bíi dẹ́síbẹ́lì mẹ́fà dínkù ní gbogbo ìgbà tí jíjìn bá di ìlọ́po méjì. Ẹ ṣírò ẹ̀ láti ààbọ̀ mítà dé àádọ́ta mítà, ẹ ó rí i pé 40 ló máa yọ kúrò. Ó ku 65. Bẹ́ẹ̀ òfin ariwo ti orílẹ̀-èdè wa, tí àjọ NESREA ń mójú tó, ti sọ láti 2009 pé ilé gbígbé kò gbọdọ̀ gbọ́ ju 50 lọ lọ́sàn-án àti 35 lóru. Ìyẹn ni pé mọ́tò tó yege ní pápá eré ìje ṣì fi 30 ju òfin òru wa lọ ní ilé tó jìnnà sí i ní àádọ́ta mítà. Létí èèyàn, 30 yẹn dà bí ìlọ́po mẹ́jọ. Mo mọ̀ pé mọ́tò kì í dúró, ó ń kọjá lọ ni. Àmọ́ ẹni tó ti ta jí ti ta jí. Ẹ má sì gbàgbé pé èyí tó yege là ń sọ. Èyí tí wọ́n gé sàlẹ́ńsà ẹ̀ dànù ńkọ́?

Kí ló dé tí òfin náà ò ràn án? Ẹ wo ẹni tí ọwọ́ òfin ariwo ń bà. L'Ékòó, àjọ LASEPA ti ti ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé fàájì pa nítorí ariwo. Ṣọ́ọ̀ṣì ò lè sá. Ibi tó wà lánàá ló wà lónìí. Mọ́tò ní tiẹ̀ ti kọjá kẹ́ ẹ tó gbé fóònù. Pápá eré ìje rọrùn torí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà wọlé. London àti New York ti ń lo kámẹ́rà tó ní etí: tí ariwo bá kọjá ìwọ̀n, ó máa ya nọ́ńbà mọ́tò náà. Ní New York, ìtanràn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 800 dọ́là. Mi ò rò pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà tó ń wá iná NEPA, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé, níbi tí kò sí nọ́ńbà, etí ọlọ́pàá ló di òṣùwọ̀n. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń lọ. "Ọ̀gá, mọ́tò yín ń pariwo. Ẹ sọ̀kalẹ̀. Kí niṣẹ́ yín?" Láti ibẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di Yahoo, fóònù ti dọ́wọ́ wọn, owó ti ń jáde. Ọmọkùnrin tó ń wa mọ́tò yẹn ò ní sàlẹ́ńsà tó dáa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wọn nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, màmá àgbà ò tíì sùn síbẹ̀. Ẹ̀gúnjẹ ò dín ariwo kù. Nọ́ńbà máa gba àwọn méjèèjì sílẹ̀: màmá á rí nǹkan tọ́ka sí, awakọ̀ náà á mọ ohun tí wọ́n ń bá a fà.

Kì í sì í ṣe pé àtúnṣe ẹ̀ le. Sàlẹ́ńsà tí àwọn eléré ń lò kì í ju páìpù tí wọ́n lu ihò sí lára lọ, tí wọ́n fi òwú fáíbà wé, tí wọ́n wá fi agolo bò. Ariwo á gba inú ihò wọnú òwú, á kú síbẹ̀. Òwú yẹn máa ń jóná díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mọ́tò tó yege lọ́dún tó kọjá fi lè kùnà lọ́dún yìí. Ẹ tú u, ẹ kó òwú tuntun sí i. Èyí tó máa ń dùn "hùùù" nínú mọ́tò lójú ọ̀nà márosẹ̀ ní oògùn tiẹ̀. Ẹ́ńjìnnì oníhò mẹ́rin tó ń yí ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan ń ta ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹ́ ẹ bá jó páìpù kan tí ìdí ẹ̀ dí, tó gùn tó mítà kan àti díẹ̀, mọ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín, ìró yẹn á wọlé, á padà, á pàdé ara ẹ̀, wọ́n á sì pa ara wọn. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ l'Ádó lè ṣe é tẹ́ ẹ bá fún un ní ìwọ̀n.

Àwọn kan tiẹ̀ máa ń dọ́gbọ́n. Wọ́n á yí ẹnu páìpù sí òdìkejì ibi tí ẹ̀rọ wà, tàbí kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná tí wọ́n bá ti fẹ́ dé iwájú ẹ̀. Ọmọ aráyé!

Tiwa tún ní nǹkan mìíì nínú. Kì í ṣe gbogbo mọ́tò tó ń ké ló ń wá gbajúmọ̀. Catalyst tó wà lábẹ́ tòkunbọ̀ ní platinum, palladium àti rhodium nínú, àwọn tó ń rà á sì wà káàkiri. Wọ́n á gé e tà, wọ́n á jó páìpù gbọọrọ sípò ẹ̀, ariwo á yọ, májèlé tí catalyst ń pa nínú èéfín náà á máa jáde tààrà. Ẹni tó ra mọ́tò náà lẹ́yìn ìgbà yẹn lè má mọ nǹkan kan.

Nítorí náà, tí àwọn VIO bá máa bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé pé mọ́tò yẹ lójú pópó ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí mọ́tò fúnra ẹ̀ sì dé ibẹ̀, kì í ṣe ìwé nìkan. Ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo ò tóbi ju rìmóòtù lọ. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà sára ògiri kí gbogbo èèyàn rí i ṣáájú. Mọ́tò tó bá kùnà, ẹ má gbà á, ẹ má gba owó, ẹ ní kó lọ tún un ṣe kó padà wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní pápá nìyẹn: ẹlòmíì á kùnà láago mẹ́jọ àárọ̀, á wá nǹkan fi dín ẹnu páìpù kù, á sì wà lórí ọ̀nà kó tó di ọ̀sán.