Àlejò Ọdẹ àti Ẹran Onílé

Ẹjọ́ kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu onírúurú ènìyàn tí ó fẹ́ràn ìbọn àti igbó. Ẹni tí ó ń ro ẹjọ́ náà lè máa gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lè máa gbé ní Jámánì, ó sì lè jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà gan-an tí ó ti Texas gbéra lọ sí Wyoming. Ohun tí wọ́n ń sọ kò yàtọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ pa àgbọ̀nrín kan ṣoṣo ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, owó wà lọ́wọ́ àwọn, àwọn sì mọ ìbọn í yìn. Síbẹ̀ a ní kí àwọn san ìlọ́po-ìlọ́po owó tí onílé ń san, kí àwọn ṣẹ́ gègé, kí àwọn sì dúró fún ọdún gbọọrọ kí gègé tó mú àwọn. Wọ́n á wá fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ sí i pé ìyànjẹ gbáà ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní ìdí tí n kò fi gbà, mo sì ní ibi tí mo ti fẹ́ bá àwọn onílé náà wí. Ṣùgbọ́n akátá ni à á kọ́kọ́ lé lọ kí á tó fi àbọ̀ bá adìyẹ wí.

Ẹran tí à ń sọ ni àgbọ̀nrín elétí ìbaaka, tí àwọn onílé ń pè ní mule deer, nítorí etí rẹ̀ tí ó tóbi, tí ó sì gùn bí ti ìbaaka. Ìdí rẹ̀ funfun, ìrù rẹ̀ tín-ín-rín, ṣóńṣó ìrù náà sì dúdú. Ìwo akọ rẹ̀ a máa là sí méjì, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan a sì tún là sí méjì. Bí ẹ̀rù bá bà á, kì í kàn sáré bí ẹran yòókù; ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó fi ń tọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì tún fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin balẹ̀. Láti pápá Alberta àti Saskatchewan ní Kánádà títí dé aṣálẹ̀ Sonora ní Mẹ́síkò ni ilé rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò bá gbé ibẹ̀ kò lè pàdé rẹ̀ nínú igbó rẹ̀ àfi bí ó bá lọ ṣe àlejò.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó dojú kọ irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń ṣe òfin ọdẹ, nítorí náà òfin Wyoming kì í ṣe òfin Nevada. Àlejò níláti kọ orúkọ sílẹ̀ fún gègé ní ọ̀pọ̀ oṣù kí ìgbà ọdẹ tó dé. Ní Nevada àti Utah, ẹni tí gègé kò bá mú lọ́dún yìí yóò gba máàkì kan tí yóò gbè é lọ́dún tí ń bọ̀; ẹni tí ojú rẹ̀ bá wà lára agbègbè tí akọ ńlá pọ̀ sí lè kó máàkì jọ fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó níláti ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò ọdẹ. Bí kì í bá ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, ó níláti gba àṣẹ ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú kí ó tó lè gbé ìbọn tirẹ̀ wọlé. Ní Kánádà, yóò kéde ìbọn rẹ̀ fún aṣọ́bodè, yóò san 25 dọ́là ilẹ̀ náà, ìwé tí ó bá gbà yóò sì ṣiṣẹ́ fún 60 ọjọ́. Ní Alberta, àlejò láti orílẹ̀-èdè mìíràn kò gbọdọ̀ dá nìkan wọ igbó. Ó níláti wà lọ́dọ̀ amọ̀nà tí ó ní ìwé-àṣẹ, tàbí lọ́dọ̀ onílé tí ó gbà láti jẹ́ olùgbàlejò rẹ̀. Ní Mẹ́síkò, àwọn ológun ni ó ń fọwọ́ sí ìwé ìbọn àlejò, ẹni tí ó bá sì gbé ìbọn wọlé láìgbàṣẹ lè fi ẹ̀wọ̀n jura.

Bí a bá kà á tẹ̀léra báyìí, ó lè dà bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀gún dí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà lẹ́yìn ẹ̀gún náà? Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Wyoming fi hàn pé àwọn àgbọ̀nrín kan wà tí wọ́n ń rin nǹkan bí 150 máìlì láti aṣálẹ̀ Red Desert lọ sí agbègbè Hoback lẹ́ẹ̀rùn, tí wọ́n sì ń tọ ojú ọ̀nà kan náà padà kí yìnyín tó bo ilẹ̀. Lójú ọ̀nà yẹn wọ́n ń fo wáyà ọgbà, wọ́n ń sọdá títì, wọ́n ń la odò kọjá. Onílé ni ó ń gé wáyà ọgbà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹran lè kọjá. Onílé ni ẹran ń jẹ koríko màlúù rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ nígbà òtútù. Òtútù ọdún 2022 sí 2023 le kọjá ààlà ní ìwọ̀-oòrùn Wyoming, àgbọ̀nrín sì kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ìjọba dín ìwé-àṣẹ kù. Àlejò tí ó ti kó máàkì jọ bínú, ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ta ni ó rẹ́ ẹ jẹ? Ṣé yìnyín ni tàbí ẹni tí ó ka òkú ẹran, tí ó sì sọ òótọ́?

Ọ̀rọ̀ owó yìí ti dé ilé-ẹjọ́ rí. Ní Montana, ní ọdún 1976, àkópọ̀ ìwé-àṣẹ tí ọdẹ fi lè pa elk, àgbọ̀nrín àti ẹran mìíràn jẹ́ 30 dọ́là fún onílé, ó sì jẹ́ 225 dọ́là fún àlejò. Amọ̀nà ọdẹ kan tí ń jẹ́ Lester Baldwin àti àwọn ọdẹ kan láti Minnesota pe ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́. Ní ọdún 1978, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá ìpínlẹ̀ láre: ọdẹ ìdárayá kò sí lára àwọn ẹ̀tọ́ tí ó so àwọn ìpínlẹ̀ pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan, nítorí náà a lè fi ìyàtọ̀ sáàárín onílé àti àlejò. Ní Arizona, ìjà náà tún bẹ́ sílẹ̀, lórí àgbọ̀nrín yìí gan-an. Ìpínlẹ̀ ti pàṣẹ pé, ní àríwá odò Colorado, níbi tí òkè Kaibab wà, ìdá 10 nínú 100 ìwé-àṣẹ akọ ni àlejò lè gbà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2002, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan gbọ́ ẹjọ́ àwọn àlejò, ó ní òfin bẹ́ẹ̀ lè dí òwò láàárín ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 2005, Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ dá sí i, wọ́n sì fún ìpínlẹ̀ gbogbo láṣẹ láti ya àlejò sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọdẹ àti ẹja pípa.

Ẹni tí ó bá mọ àṣà wa kò gbọdọ̀ ka èyí sí ohun àjèjì. Àgbẹ̀ tí ó wá dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn nílẹ̀ Yorùbá a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ohun tí ó ń san kì í ṣe iye ilẹ̀ náà, kò sì lè sọ ilẹ̀ di tirẹ̀. Ohun tí ó ń fi ìṣákọ́lẹ̀ sọ ni pé, “Mo mọ̀ pé ilẹ̀ yìí ní ẹni tí ó ni ín.” Owó àlejò ní Wyoming àti ní Colorado, ìṣákọ́lẹ̀ ni. Òun ni ó sì pọ̀ jù nínú owó ìwé-àṣẹ tí wọ́n fi ń san owó oṣù àwọn tí ń ṣọ́ ẹran, tí ń ka ẹran, tí ń mú ọ̀daràn ọdẹ.

Àwọn olùráhùn ní èsì méjì. Èkíní ni pé púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí à ń sọ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, nítorí náà ti gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe ẹran. Ẹnikẹ́ni lè rìn lórí ilẹ̀ náà, kí ó sùn síbẹ̀, kí ó wo àgbọ̀nrín títí ojú rẹ̀ yóò fi kún. Kò sí ẹni tí yóò bi í ní ìpínlẹ̀ tí ó ti wá. Pípa ẹran ni ó yàtọ̀, nítorí ẹran tí a pa lónìí kò sí níbẹ̀ lọ́la fún ẹlòmíràn. Èkejì ni pé, láti ọdún 1937, òfin ti mú owó-orí lára ìbọn àti ọta, ìdá 11 nínú 100 lórí ìbọn gígùn, fún ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́. Wọ́n ní àwọn ti sanwó ná. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìpínlẹ̀ ni a ń pín owó náà fún, ní ìwọ̀n bí ilẹ̀ wọn ṣe tóbi tó àti bí àwọn tí ń gba ìwé-àṣẹ níbẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìpínlẹ̀ olùráhùn náà ti gba tirẹ̀.

Bí ó bá wá jẹ́ ọmọ Yorùbá ni ó ń ráhùn, ọ̀rọ̀ náà tún dùn mí jù. Ìjálá wa kún fún oríkì erin, ẹfọ̀n àti àgbọ̀nrín. Ẹ bi ọmọ ogún ọdún ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo bóyá ó ti fojú kan ẹfọ̀n rí nínú igbó. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ wa, èrò ọkọ̀ láti ibikíbi lè ra ẹran ìgbẹ́ tí a gbé kọ́ sórí igi. Kò sí ẹni tí yóò béèrè igbó tí ó ti wá, tàbí bóyá ó lóyún nígbà tí a pa á. A kò ka ẹran wa, a kò sì dá ìgbà fún pípa wọn kí a dúró lé e. Oríkì wá kù, ẹni tí a ń kì kò sí mọ́. Àwa tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí kò lẹ́nu láti bú ìlú tí ó ka ẹran rẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí àlejò yìnbọn.

Akátá ti lọ. Ẹ jẹ́ kí á wá kọjú sí adìyẹ.

Ní Wyoming, òfin kan wà pé, nínú àwọn aginjù tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀, àlejò kò gbọdọ̀ dọdẹ ẹran ńlá láìsí amọ̀nà, àfi bí ó bá ní ọ̀rẹ́ onílé tí ó gba ìwé láti bá a lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní nítorí ààbò rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àlejò kan náà lè rin aginjù yẹn ní òun nìkan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó pẹja, kí ó sì sùn sí ìtòsí ihò béárì, òfin kò ní sọ̀rọ̀. Béárì kì í béèrè bóyá ìwọ̀ ẹja ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tàbí ìbọn. Ààbò kọ́ ni; òwò amọ̀nà ni wọ́n fi òfin dáàbò bò. Ní New Mexico, ìdá 84 nínú 100 ìwé-àṣẹ gègé ni ti onílé, n kò sì ní kí wọ́n dín in kù. Nínú èyí tí ó ṣẹ́ kù, ìdá 10 ni ti ẹni tí ó ti bá oníṣòwò ọdẹ wọ àdéhùn, ìdá 6 péré ni ti àlejò tí ó fẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ní Utah, a máa ń gbé ìwé-àṣẹ àgbọ̀nrín Antelope Island kan sí gbàǹjo; owó rẹ̀ ti ju 300,000 dọ́là lọ rí. Owó náà ń ṣiṣẹ́ fún ẹran, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ni a ó sọ fún ẹni tí ó ti fi ọdún méjìlá ṣẹ́ gègé, nígbà tí olówó kan kọjá lára rẹ̀ láìtò?

Ibi tí mo dúró sí nìyí. Ìṣákọ́lẹ̀ a máa jẹ́ kí àlejò àti onílé mọ ara wọn. Ọjà a máa wo ìwọ̀n àpò nìkan. Ní Sonora, oko ni a ń fún ní iye ìwé-àṣẹ, olóko ni ó sì ń tà á; ọjà tí ó pe ara rẹ̀ ní ọjà kò tan ẹnikẹ́ni. Ọjà tí a da agbádá òfin bò ni mo bá wí. Ìpínlẹ̀ tí ó bá sọ pé ẹran jẹ́ ti gbogbo ènìyàn òun kò gbọdọ̀ tún fi ẹ̀yìn ilé tà á.

Ní ti àlejò, mo ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i nípa ìmúrasílẹ̀ rẹ̀. Yóò ka ìwé nípa ìbọn, yóò wo àwòrán ìwo, yóò ṣírò owó ọkọ̀ òfuurufú. Ṣé ó ti ro ti ẹran? Òfin àwọn ìpínlẹ̀ yìí kò jẹ́ kí a gé orí lọ kí a sì fi ara sílẹ̀ kí ó rà. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ kò sì jẹ́ kí èrò gbé ẹran tútù wọlé. Àrùn ọpọlọ kan tún wà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára àgbọ̀nrín elétí ìbaaka tí wọ́n ń sìn ní Colorado ní ọdún 1967. Nítorí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò gbà kí a gbé ọpọlọ àti eegun ẹ̀yìn kọjá ààlà. Onílé kan níláti wà, nígbà náà, tí yóò gba itan àti ìgbá àyà lọ́wọ́ àlejò, tí yóò sì sè é fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àlejò níláti mọ̀ ọ́n kí ó tó gbéra nílé. Ẹni tí ó mọ iye tí ìwo yóò ná an, tí kò sì mọ ìkòkò tí ẹran yóò wọ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò ọdẹ.