Ká mọ okùn ká tó kojú òkun

Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Bí ọ̀rọ̀ bá kan fífi ìgbì òkun pèsè iná mànàmáná, ẹ̀rọ ni gbogbo ènìyàn ń wò, wọn kì í wo okùn tó dè é mọ́lẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Oceanlinx gbé ẹ̀rọ kan sójú omi ní Port Kembla, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ìgbì ń ti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ń yí ohun tó ń mú iná wá. Ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òkun ru ní oṣù Karùn-ún, okùn já, ẹ̀rọ tó wúwo tó 170 tọ́ọ̀nù sì lọ forí sọ odi òkúta èbúté.

Okùn báyìí kì í ṣe okùn ewúrẹ́. Bí ó bá le jù, ìgbì yóò já a. Bí ó bá dẹ̀ jù, ẹ̀rọ yóò máa rìn kiri, yóò sì fa wáyà iná já.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì wa, bí a óò bá fi òkun tiwa tan iná lọ́jọ́ kan, ẹ tètè kọ́ àwọn ọmọ wa nípa okùn àti ìdákọ̀ró. Ẹ̀rọ tí kò dúró, iná rẹ̀ kò lè dúró.