Ta Ló Ní Fúlàní Kò Lè Kàwé?

Ẹ̀yin ará Awẹ́, ẹ má bínú sí mi o. Bí ọmọ wa kò bá mọ̀wé, kí ni à ń pè é? Bòròrò! A ó rẹ́rìn-ín, a ó gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a sọ orúkọ rẹ̀ di èébú kì í gbàgbé.

Mo wà ní kíláàsì àwọn àgbà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Bàbá Fúlàní kan wà níbẹ̀. Ó ń da màlúù tó lé ní 60, ó sì mọ ìyá tó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí. Ó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sójú pátákó, ó ń lọ geere. Àfi bí ẹnìkan ṣe ké láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé màlúù náà ń kàwé ni?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́tà tó mọ̀ lánàá pòórá lórí rẹ̀. Kò padà wá mọ́. Títí dòní, tí ó bá fẹ́ fún màlúù lóògùn, ẹlòmíràn ló ń bá a ka ara ìgò.

Ẹ ó ní, "Ṣé a ò wí? Òpè ni." Irọ́ ni! Ní 1995, Claude Steele àti Joshua Aronson tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n ní ìdánwò yóò fi bí ọpọlọ ti pé tó hàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ kò ṣe tó òyìnbó ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí wọn ò pè é ní ìdánwò ọpọlọ, wọ́n ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbẹ̀rù kí èébú má ṣẹ sí wọn lára ló ń gba agbára wọn. Àwa tí wọ́n ń fojú òpè wò lókè òkun, àwa náà la wá ń fojú òpè wo ẹlòmíràn nílé!

Fúlàní ni Usman dan Fodio, tó kọ ìwé rẹpẹtẹ. Nana Asma'u ọmọ rẹ̀, tó kú ní 1864, fi ayé rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin ní ẹ̀kọ́. Ta ló wá ní ìwé kì í ṣe tiwọn?

Ẹlòmíràn yóò ní màlúù jẹ oko òun. Ó dùn mí. Ẹ fẹjọ́ ẹni tó ni màlúù sùn, kó san owó oko. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ oko kì í ṣe ẹjọ́ ọpọlọ.

Bí bàbá náà bá padà wá, ẹ jẹ́ kó kọ orúkọ rẹ̀ tán. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, ìbáà ṣe èmi, kí tíṣà lé e síta.