Iṣẹ́ Abẹ́ Mọ́tò Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ẹ̀gàn

 Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí. Ó kan mọ́tò àtijọ́ tí ó wà nínú ọgbà àwọn òbí wa, ó sì kan ọwọ́ wa tí a kò fẹ́ kí epo yí.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ ní Òkè Ọya tí kò mọ Peugeot 504. Ọdún 1968 ni àwọn Faransé kọ́kọ́ gbé e jáde. Ní 1975, ilé iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná. Nígbà tí Faransé dáwọ́ ṣíṣe saloon rẹ̀ dúró ní 1983, Kàdúná kò dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tún fi ń tò ó. Òun ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ìdílé wa lọ sí Ìlọrin, Òṣogbo àti Ìbàdàn fún ọdún Kérésì àti Iléyá. Lónìí ó ti di mọ́tò àtijọ́ tí àwọn ènìyàn ń yà ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń rìn, ènìyàn sì ń bẹ nínú rẹ̀.

Ohun kékeré kan wà lábẹ́ mọ́tò tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní búṣìn. Rọ́bà ni, ó wà láàrin páìpù irin méjì, kékeré nínú, ńlá lóde. Ibi tí apá tí ó di ẹsẹ̀ mọ́tò mú ti so mọ́ ara mọ́tò ni ó máa ń wà. Iṣẹ́ tí ohun rírọ̀ inú orúnkún ń ṣe fún ènìyàn ni ó ń ṣe: kì í jẹ́ kí irin gbá irin. Bí ó bá ti jẹ, ẹ ó máa gbọ́ kò-kò-kò nínú gbogbo kòtò. Táyà yóò máa jẹ lápá kan. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, mọ́tò yóò fẹ́ ya síbi tí ẹ kò darí rẹ̀ sí. Lórí ọ̀nà márosẹ̀, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo lásán. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Kí ni à ń ṣe sí i? A ó gbé e fún ẹni tí ó bá sún mọ́ wa, a ó jókòó sábẹ́ igi, a ó sanwó, a ó sì wà á lọ. A kì í wo abẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnìkan fi lè gé táyà àtijọ́ kì bọ ojú ihò, kí ó ní búṣìn ni. Òmíràn á ra tòkunbọ̀, bẹ́ẹ̀ rọ́bà a máa gbó lórí àtẹ bí a kò tilẹ̀ lò ó. Ẹni tí ó ra tuntun pàápàá á gbé mọ́tò sókè, á fún bóòtì le pinpin nígbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò ṣì ń rọ̀ dirodiro. Èyí ni ó dùn wá jù, nítorí owó gidi ni ó ń ṣòfò. Rọ́bà búṣìn kì í yí, lílọ́ ni ó ń lọ́. Bí a bá fún un le nígbà tí ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, yóò ti lọ́ kí mọ́tò tó rìn rárá, kò sì ní pẹ́ ya. Kí a sọ mọ́tò kalẹ̀, kí ìwúwo rẹ̀ wà lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a tó wá fún bóòtì le: gbogbo àṣírí rẹ̀ nìyẹn, kò sì gba kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe nílé, bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ní iwájú 504, ara ṣọ́ọ̀kì ni sípíríǹgì wà, nítorí náà a lè tú apá ìsàlẹ̀ láìtú sípíríǹgì. Fáìsì kan, bóòtì gígùn kan àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, pẹ̀lú páìpù tí ó bá ihò mu, tó láti fa búṣìn àtijọ́ jáde kí ó sì fa tuntun wọlé, láìdáná sun ún, láìfi òòlù lù ú. Bí a bá fẹ́ kí ó yọ̀ wọlé, omi ọṣẹ ni kí a lò. Ọ́ìlì àti gíríìsì a máa ba rọ́bà jẹ́. Bí a bá pààrọ̀ ti ọ̀tún, kí a pààrọ̀ ti òsì, kí a sì gbé mọ́tò lọ fún àlámẹ́ǹtì.

Ṣùgbọ́n àìmọ̀kan mọ̀kàn ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ saloon, orí apá gan-an ni sípíríǹgì jókòó sí, agbára sì wà nínú rẹ̀. Kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró, tàbí tí a gbé ka búlọ́ọ̀kù, nítorí búlọ́ọ̀kù a máa fọ́ lójijì. Irin ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ ni kí a lò, kí a sì dí táyà yòókù.

Àwọn kan yóò ní, ṣé nítorí àti di mẹkáníìkì ni a ṣe wá sí ilé ẹ̀kọ́ gíga? Rárá o. Ṣùgbọ́n ìran tí ó ní Ògún kò yẹ kí ó máa tijú irin. Àwọn mìíràn yóò ní a fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì. Òdì kejì rẹ̀ ni. Àwa tí a kò mọ̀ ni a ń sá tọ ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù, tí ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ sì ń jókòó láìríṣẹ́. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ó mọ iye tí iṣẹ́ tó.

Nítorí náà, àbá wa nìyí. Nínú owó tí ẹgbẹ́ ń dá fún àríyá ìparí ọdún, kí a yọ díẹ̀ ra irin ìdúró mẹ́rin, fáìsì kan àti sípánà tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè yá. Kí a sì san owó fún ọ̀gá mẹkáníìkì kan tí ó dáńgájíá, kí ó kọ́ wa ní Sátidé méjì, àtọkùnrin àtobìnrin. Bí ìlù bá dín díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ àríyá, kò sí ẹni tí yóò kú. Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí a sì dìbò lé e. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.