Kí Bàlúù Òkèèrè Tó Bà sí Alákíà

Ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá ni pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn wà, ní Alákíà. Orúkọ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni wọ́n fi ń pè é báyìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1946, tó sì di lọ́yà níbẹ̀ kó tó padà wálé. Ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti dáwọ́ lé iṣẹ́ láti sọ pápákọ̀ náà di èyí tí bàlúù ńlá láti òkèèrè yóò lè bà sí. Inú ọ̀pọ̀ òbí tó ní ọmọ tó fẹ́ lọ kàwé lókè òkun dùn sí i. Wọ́n ní wàhálà ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, tó ju 120 kìlómítà lọ, yóò dópin. Òótọ́ ni pé sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ojú ọ̀nà náà ti mú kí bàlúù fi ọ̀pọ̀ ọmọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà sí Èkó tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021 ti dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé pápákọ̀ ni ìyà tó pọ̀ jù wà, kì í ṣe lójú títì. Bí ìwà tí wọ́n ń hù ní pápákọ̀ Ìkẹjà ní Èkó bá bá bàlúù dé Alákíà, ìrìn nìkan ni yóò kúrú sí i, ìyà ọmọ àgbẹ̀ kò ní dín.

Ọmọ tó ti Badẹkù ní Ọ̀nà-Àrà tàbí Ẹ̀jìókù ní Lágelú gbéra lọ sí fásitì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í dédé bá ara rẹ̀ ní Ìkẹjà. Bàbá lè ti ta ilẹ̀ oko, ìyá lè ti yáwó lẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ nígboro tún fi tirẹ̀ kún un. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, 100,000 náírà ni ìwé ìrìnnà olójú-ewé 32 tí wọ́n ń lò fún ọdún márùn-ún. Ọmọ náà ti ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife. Owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó tí yóò máa fi jẹun ti sùn sí báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko, láìdín kọ́bọ̀. Ó ti san 776 pọ́ùn fún ìtọ́jú ìlera ọdún kọ̀ọ̀kan kí físà tó jáde. Ìjọba tó fẹ́ gbà á lálejò ti yẹ̀ ẹ́ wò látòkèdélẹ̀, ó sì ti ní kó máa bọ̀. Ohun tó yẹ kó kù ní pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà kò ju kí wọ́n wọn ẹrù rẹ̀, kí ẹ̀rọ wo inú àpótí, kí wọ́n lu ìwé rẹ̀ lóǹtẹ̀, kó sì wọ bàlúù.

Kì í rí bẹ́ẹ̀. Tábìlì ló ń bá pàdé. Àjọ NDLEA tó ń gbógun ti egbòogi olóró ní tiwọn, kọ́sítọ́ọ̀mù ní tiwọn, àwọn tó ń yẹ irè oko wò náà ní tiwọn. Ẹni àkọ́kọ́ á ní kí ọmọ ṣí àpótí, kó kó gbogbo ohun inú ẹ̀ síta. Bó bá ti tò ó padà tán tó sún síwájú, ẹlòmíì á ní kó tún un ṣí. Inú àpótí yẹn ni èlùbọ́ wà, tí ìyá rẹ̀ bẹ iṣu rẹ̀, tó bọ̀ ọ́, tó sá a lórí àpáta fún ọjọ́ pípẹ́, tó lọ̀ ọ́, tó sì kù ú. Ẹ̀gúsí, ata gígún àti gààrí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n á tú ọ̀rá èlùbọ́, wọ́n á kìwọ́ bọ̀ ọ́, yóò sì dà sára aṣọ tuntun tí wọ́n rán fún ọjọ́ tí ọmọ máa kọ́kọ́ wọ kíláàsì. Lẹ́yìn náà ni ohùn á wálẹ̀: "Àbúrò, kí lo fẹ́ fi sílẹ̀ fún wa?" Ẹni tí kò rin ìrìn bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé owó ìjọba ni, kó máa bèèrè rìsíìtì.

Ó yẹ kí NDLEA ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń kó egbòogi olóró pamọ́ sínú irú oúnjẹ yìí gan-an, àjọ náà sì ti mú wọn ní Ìkẹjà lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń rí inú àpótí wà. Bí ẹ̀rọ bá rí nǹkan, kí wọ́n ṣí i. Bí kò bá rí nǹkan, kí ni ọwọ́ ń wá nínú èlùbọ́? Èyí tó ń dunni jù ni pé wọn kì í ṣe é fún gbogbo ènìyàn. Ọmọ ẹni ńlá ní ẹni tó ń mú un gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá, tí wọ́n ń fa àpótí tẹ̀lé e. Ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà ni gbogbo tábìlì wà fún.

Àṣẹ ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọṣinbàjò, tó ń ṣe adelé ààrẹ nígbà náà, buwọ́ lu àṣẹ kan tó ní ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ẹni tó kàn ń rìn kiri, kò gbọ́dọ̀ máa dọdẹ èrò ní pápákọ̀. Òṣìṣẹ́ tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà kò gbọ́dọ̀ yọjú síbẹ̀ láìgbàṣẹ. Wọ́n tún fún àwọn àjọ ìjọba tó wà ní pápákọ̀ ní 30 ọjọ́ láti kó ojú ibi tí èrò ti ń pàdé òṣìṣẹ́ pọ̀ sí ẹyọ kan. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n buwọ́ lù ú ló ń fa àpótí lọ sí fásitì báyìí, tábìlì ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè kan tún wà tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ: "Eélòó ló wà lọ́wọ́ ẹ?" Ohun tí òfin sọ ni pé ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ bá ju 10,000 dọ́là lọ ni kó kéde rẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọmọ tó mú 300 dọ́là dání kò ní ohun tó fẹ́ kéde. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ sì ti ní kí àwọn báńkì má fún arìnrìnàjò ní owó ìrìnnà lówó-lọ́wọ́ mọ́, pé kí wọ́n máa san án sínú káàdì. Ọmọ tó bá ti mọ èyí kó tó kúrò nílé ní Ẹ̀rúnmu, wọn ò ní rí i fi òfìfo ọ̀rọ̀ já láyà.

Ti àwọn oníbàlúù yàtọ̀. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn náà. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè bu owó ìtanràn 2,000 pọ́ùn lé iléeṣẹ́ bàlúù lórí èrò kọ̀ọ̀kan tó bá gbé dé láìní ìwé tó péye. Ẹni tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà wá di aṣọ́bodè fún ìjọba tí kò gbà á síṣẹ́. Bí nǹkan bá rú u lójú, "rárá" ló rọrùn fún un jù. Káàdì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ sì ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní ìparí ọdún 2024. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà báyìí, tó fi jẹ́ pé fóònù tó kú tàbí dátà tó tán lè sọ ẹni tí ìwé rẹ̀ pé di ẹni tí wọ́n ń fura sí.

Jàǹbá tó burú jù níbẹ̀ kì í tilẹ̀ ti Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀. Ìgboro Ìbàdàn ló ti ń ṣẹ̀ wá, ní ṣọ́ọ̀bù ẹ́jẹ́ǹtì. Ẹ́jẹ́ǹtì á ta tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọmọ nítorí pé ó dínwó: ọ̀kan láti Èkó dé ìlú kan ní Yúróòpù, èkejì láti ibẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Kò ní sọ fún un pé yóò ní láti jáde lọ gba ẹrù rẹ̀ ní agbede méjì, kó tún wọlé, àti pé kò sí bó ṣe lè jáde láìní físà ilẹ̀ náà. Kódà bí kò bá ní jáde, Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè méjìlá tí àwọn ilẹ̀ Schengen ní Yúróòpù sọ pé ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà kó tó lè gba inú pápákọ̀ àwọn kọjá, àfi ẹni tó bá ní físà Kánádà, Amẹ́ríkà tàbí ti àwọn ilẹ̀ díẹ̀ mìíràn. Iwájú òṣìṣẹ́ bàlúù ni ọmọ ti ń kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Nígbà náà, owó tíkẹ́ẹ̀tì ti wọgbó, kíláàsì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ tó gbé ẹbí wá sìn ín sì ti yí orí padà sílé ní Lálúpọn.

Ìjọba ti bínú rí nítorí àwọn tí wọ́n dá padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, South Africa dá èrò 125 tó ti Nàìjíríà wá padà nítorí káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ìjọba Nàìjíríà fárí gá, ó dá àwọn ará South Africa padà pẹ̀lú, títí ilẹ̀ náà fi tọrọ àforíjì. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ariwo sì pọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà bàlúù ní Ìkẹjà kò ní ìjọba tó máa bínú nítorí rẹ̀.

Àwọn òbí kan á ní kí ọmọ ṣáà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní nǹkan kó lè kọjá. Kò sẹ́ni tó lè dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹni tí bàlúù rẹ̀ fẹ́ gbéra kò ráyè iyàn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n di ìjà náà lé ọmọ lórí. Ìjọba ló ni ín.

Òótọ́ ni pé àṣẹ gómìnà kò dé ọ̀dọ̀ NDLEA tàbí kọ́sítọ́ọ̀mù, ìjọba àpapọ̀ ló ni wọ́n. Ṣùgbọ́n owó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń lọ sí Alákíà, ẹni tó bá sì ń kọ́ ilé ló ń yan ibi tí ilẹ̀kùn máa wà. Kí wọ́n kọ́ yàrá kan ṣoṣo tí gbogbo àjọ yóò ti jọ máa wo ẹ̀rọ kan náà, kó má sí àyè tí tábìlì kejì lè dúró sí. Àpótí tó bá pọn dandan láti ṣí, kí kámẹ́rà máa wò ó, kí orúkọ òṣìṣẹ́ sì hàn láyà rẹ̀. Iléeṣẹ́ bàlúù tó bá ní ọmọ kò lè lọ, kó kọ ìdí rẹ̀ sórí ìwé, kó fi lé e lọ́wọ́.

Ìrànlọ́wọ́ kan wà tí kò yẹ kó dúró de Alákíà rárá. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wà ní Mọ́níyà, ní Ìyànà Ọ̀fà, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Akanrán. Láti oṣù keje dé oṣù kẹwàá, àti lẹ́ẹ̀kan sí i lápá ìparí ọdún fún àwọn tó ń wọlé ní oṣù kìíní, kí òṣìṣẹ́ kan tó mọ̀ nípa ìwé ìrìnnà àti tíkẹ́ẹ̀tì máa jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Kí ọmọ àti òbí gbé tíkẹ́ẹ̀tì wá kí wọ́n tó sanwó rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ náà wo ọ̀nà tí bàlúù máa gbà, kó wo káàdì abẹ́rẹ́, kó sì fi Yorùbá ṣàlàyé èyí tó kù díẹ̀ káàtó. Kò ná ìjọba ìbílẹ̀ ní ju àga, tábìlì àti owó oṣù ẹnì kan lọ.

Ní ti Alákíà, bí iṣẹ́ bá tilẹ̀ ti jìnnà, kò tíì pẹ́ jù. Kí àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà bèèrè àwòrán ilé náà, kí wọ́n sì ní kí agbaṣẹ́ṣe fọwọ́ tọ́ka sí ibi tí wọ́n máa ti yẹ àpótí èrò wò. Bí ibẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, kí wọ́n ní kó lọ tún àwòrán náà yà.